Aṣọ Ìkélé Tó Gbé Sirius Lọ

Ní ọ̀gànjọ́ òru tó mọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2003, àwọn ọmọ tó yẹ kó ti sùn tò lọ rẹrẹẹrẹ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtàwé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan wọ aṣọ dúdú gbọọrọ bíi ti oṣó, àwọn kan ya àpá mọ̀nàmọ́ná síwájú orí. Àwọn òbí wọn dúró tì wọ́n, oorun ń kùn wọ́n. Ìwé karùn-ún nínú ìtàn Harry Potter, ọmọkùnrin tó ń lọ ilé-ìwé àwọn oṣó, ni wọ́n ń dúró dè, ọdún mẹ́ta sì ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìwé kẹrin ti jáde láti 8 oṣù Keje ọdún 2000, ibi tó sì parí sí kò dùn: Cedric Diggory, ọmọ ilé-ìwé, kú lójú Harry, Voldemort, ìkà tó pa àwọn òbí Harry, tí gbogbo ayé gbà pé ó ti tán, sì tún di alààyè. Ibẹ̀ ni J.K. Rowling fi àwọn òǹkàwé rẹ̀ sí fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Oṣó ni màá máa pe àwọn ènìyàn inú ìtàn yìí, torí n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu. Kí ẹ jọ̀ọ́ má gbé ìtumọ̀ tó ní lẹ́nu àwọn àgbà wa lé wọn lórí. Nínú ayé tí Rowling dá sílẹ̀, ẹni tó bá ń lo idán ni oṣó, ìbáà jẹ́ ènìyàn rere, ìbáà jẹ́ ìkà.

Orúkọ ìwé náà ni Harry Potter and the Order of the Phoenix, ó sì nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Ojú-ìwé 766 ni ẹ̀dà tí Bloomsbury tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Scholastic ní Amẹ́ríkà jẹ́ 870. Ìrètí tó wà nílẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde, olè jí tírélà kan tó kó ẹ̀dà 7,680 ní ìlú Newton-le-Willows nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, wọ́n ta mílíọ̀nù 5 ní Amẹ́ríkà; ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní mílíọ̀nù 1.7 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Gbogbo wọn ló sì ti mọ̀ kí wọ́n tó ṣí i pé ẹnìkan máa kú nínú rẹ̀. Rowling ti sọ ọ́ fún Jeremy Paxman lórí tẹlifíṣàn BBC lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní nígbà tí òun kọ ikú náà tán, ẹkún ni òun sun wọ inú ilé ìdáná. Ọkọ òun béèrè ohun tó dé, ó sì ní tó bá dun òun tó bẹ́ẹ̀, kí òun má pa ẹni náà mọ́. Ó ní òun dá a lóhùn pé kì í rí bẹ́ẹ̀. Oníkálukú wá ń méfò: Hagrid ọ̀rẹ́ Harry ni o, Dumbledore ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ni o, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Weasley, ìdílé Ron ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni o. Bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ọ̀fọ̀ wà nílé, tí wọn kò tíì dárúkọ ẹni tó kú, báyìí ni wọ́n ṣe ki orí bọ ìwé náà.

Wọ́n kà á tọ̀sán-tòru. Dókítà ọmọdé kan ní Washington, Howard Bennett, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn nípa ọmọ mẹ́ta, láti ọdún 8 sí 10, tí orí ń fọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ó yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àìsàn kankan. Ìwé ńlá náà ni wọ́n jókòó tì kà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ní kí wọ́n máa sinmi díẹ̀díẹ̀, méjì nínú wọn kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn á kúkú máa lo oògùn. Orí fífọ́ náà lọ nígbà tí wọ́n ka ìwé tán. Ní ilé ìwòsàn John Radcliffe ní Oxford ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wọn wò nígbà tó yá. Ọmọ ọdún 7 sí 15 tó máa ń fara pa wá sọ́dọ̀ wọn lópin ọ̀sẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tó 67. Ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé karùn-ún àti ìkẹfà jáde, 36 àti 37 ni wọ́n. Àwọn ọmọ kò gun igi, wọn kò gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń kàwé.

Ohun tí wọ́n wá kà níbẹ̀ ni àwíyé ọ̀rọ̀ yìí.

Ìkínní tó já wọn láyà ni Harry fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ti ń farada ìyà láti ìwé kìn-ín-ní, tó níwà pẹ̀lẹ́, di oníbìínú. Ó ń jágbe mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ron àti Hermione, lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n sì fi tẹ igbe rẹ̀ sójú ìwé, bí ẹni ń pariwo mọ́ ẹni tó ń kàwé lójú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò fẹ́ràn èyí rárá. Wọ́n ní ọmọ náà ti bàjẹ́, wọ́n ní ó ń ráhùn jù, wọ́n ní ó ti sú àwọn. Títí dòní, tí a bá dárúkọ ìwé karùn-ún fún ẹni tó ka gbogbo wọn, igbe Harry ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, n kò sì ní gbà láé. Ẹ wo ohun tí ojú ọmọ ọdún 15 yìí ti rí. Wọ́n pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Òjìji Cedric bẹ̀ ẹ́ nínú itẹ́ òkú tí wọ́n ti pa á pé kó bá òun gbé òkú òun padà fún àwọn òbí òun, Harry sì gbé e, ó dì í mú pinpin títí tó fi délé, débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọwọ́ rẹ̀ já kúrò lára òkú náà. Ó wá sọ ohun tó rí, ìjọba àwọn oṣó ní irọ́ ló ń pa, ìwé ìròyìn wọn fi í ṣẹ̀sín láràárọ̀, wọ́n sọ ọ́ di wèrè lójú àwọn tó bá a wà ní kíláàsì kan náà. Àwọn àgbà tó fẹ́ràn rẹ̀ kó o pamọ́ sílé àwọn Dursley, ẹbí ìyá rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sọ nǹkan kan fún un. Kí ló kù tó máa ṣe tí kò ní pariwo? Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá kẹ́dùn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn òǹkàwé tí kò tíì rí ọ̀fọ̀ rí ló pè é ní ìwàkiwà.

Lẹ́yìn náà ni Dolores Umbridge dé. Obìnrin kúkúrú tó ń wọ aṣọ rósì, tí àwòrán ọmọ ológbò kún ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, tó máa ń húkọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Ìjọba ló fi í ránṣẹ́ sí Hogwarts, ilé-ìwé Harry. Ìyà tó fi jẹ Harry ni mo máa fi hàn yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti pa ìwé dé, tí wọ́n ń ronú bóyá ó yẹ kí ọmọ wọn máa kà á. Ó fún un ní gègé dúdú kan, ẹnu rẹ̀ mú bérébéré, kò sì fún un ní tàdáwà. Ó ní kó máa kọ ọ́ pé òun kò gbọdọ̀ purọ́. Bí Harry ṣe ń kọ ọ́ sórí tákàdá ni ọ̀rọ̀ náà ń gé ara rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni gègé náà fi ń kọ̀wé. Ojú ọgbẹ́ náà á pa dé, á tún là, á tún pa dé, ó di alaalẹ́. Umbridge á wá mú ọwọ́ ọmọ náà, á wò ó fínnífínní, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Stephen King, òǹkọ̀wé tí ẹ̀rù dídá bani jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, yin Umbridge nínú àyẹ̀wò tó ṣe nípa ìwé náà ní oṣù Keje ọdún 2003. Ó ní kò sí ọ̀dájú inú ìtàn tó tó o láti ìgbà Hannibal Lecter, apànìyàn inú ìtàn tó ń jẹ ènìyàn. Àwọn òǹkàwé náà sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: wọ́n kórìíra rẹ̀ ju Voldemort lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kò sẹ́ni tó pàdé Voldemort rí, ṣùgbọ́n ta ni kò tíì bá olùkọ́ pàdé tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń na ọmọ? Èmi mọ ọ̀kan. Nígbà tí mo kà nípa ikọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn, àtẹ́lẹwọ́ mi gbóná.

Ọ̀rọ̀ tó wá pọ̀ jù lọ lẹ́nu wọn wà ní orí 35.

Sirius Black ni bàbá ìsàmì Harry. Ọdún 12 ló lò lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, òun nìkan sì ni Harry ní tó jọ bàbá. Nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba àwọn oṣó, yàrá kan wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà òkúta kan dá dúró láàárín rẹ̀, aṣọ ìkélé dúdú tó ti gbó sì fì sí i. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́, síbẹ̀ aṣọ náà ń mì. Harry gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Luna Lovegood, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, náà gbọ́. Níbẹ̀ ni ogun ti dé bá wọn. Sirius ń bá Bellatrix, ọmọlẹ́yìn Voldemort, jà; ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ẹbí kan náà. Iná pupa tí Bellatrix rán sí i fò ó dá, Sirius rẹ́rìn-ín, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìkejì bà á láyà. Ẹ̀rín kò tíì tán lójú rẹ̀ tó fi ṣubú sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ó wọ inú aṣọ ìkélé náà, aṣọ náà fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sáyè rẹ̀.

Ó tán. Harry sáré, ó rò pé ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí i Sirius á yọ lódì kejì. Lupin, ọ̀rẹ́ Sirius, gbá a mú láyà.

Iná kejì yẹn, Rowling kò sọ àwọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí ló sì mọ̀ pé iná aláwọ̀ ewé ni èyí tó ń pani. Orí èyí ni àwọn òǹkàwé gbé ìrètí wọn lé. Wọ́n ní bí kò bá ti sọ pé àwọ̀ ewé ni, a jẹ́ pé ó dá a kú lásán ni. Wọ́n ní kò sí òkú nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ohùn wà lẹ́yìn aṣọ náà, Luna gbọ́ ọ. Wọ́n rántí pé Sirius fún Harry ní dígí kékeré kan tó fi lè máa rí òun, pé Harry kò tú u wò títí ó fi pẹ́ jù. Wọ́n ní Sirius á ti mú dígí tirẹ̀ dání wọ ibẹ̀, ọjọ́ kan á jọ́kan tí ojú rẹ̀ á yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa á rí i pé àkúdàáyà ni wọ́n ń wá láì mọ orúkọ rẹ̀: ẹni tó kú níbí, tó ń jẹ, tó ń mu níbòmíràn.

Àfi bí ìgbà tí Harry náà ń ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé. Òun náà tú dígí náà jáde nínú àpótí, ó pe orúkọ Sirius sí i, ojú ara rẹ̀ ló rí. Ó sáré lọ bá Nick, òkú tó ń gbé inú ilé-ìwé wọn, ó bi í bóyá Sirius á padà bíi tirẹ̀. Nick ní rárá, Sirius ti kọjá lọ. Àwọn òǹkàwé ka èyí, síbẹ̀ wọn kò gbà. Ohun tí wọ́n kà nípa Harry ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti fà ya ni ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ní Ìbàdàn, lọ́dún 2004. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún wa. Iná kò sí lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé orí 35, àtùpà ni mo ń lò. Mo ka ibẹ̀ tán, mo ṣí i padà sẹ́yìn, mo rò pé mo ti fo ìlà kan. Mo fi ìka tọ ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò fo nǹkan kan.

Mo pè é pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni pé ó kú?”

Ó ní, “Bí wọn ò bá tíì gbé òkú, èmi ò gbà.”

Màmá wa gbọ́ láti ìta. “Ta ló kú?” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. A ní inú ìwé ni, màmá, ẹni inú ìwé ni. Ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. A sọ bó ṣe jẹ́ fún un, aṣọ ìkélé, ẹ̀rín, bí ọmọ náà ṣe ń sáré. Ó béèrè pé, “Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin?” A ní wọn ò rí i. Ó ṣe háà, ó mi orí. Ó ní, “Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ.”

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan rin ìrìn àjò lọ sí òkè Ọya kí wọ́n tó bí mi. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Nílé wa, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn lálẹ́, màmá wa ló máa ń kọ́kọ́ dìde.

Ìgbà náà ni ohun tí Rowling ṣe wá yé mi, ó sì tún wá dùn mí sí i. Cedric kú, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, bàbá rẹ̀ sunkún rẹ̀, ilé-ìwé dìde dúró fún un. Fún Sirius, kò sí òkú, kò sí ìsìnkú, kò sí sàréè tí ọmọ lè lọ dúró tì. Sirius nù. Ìdí nìyẹn tí ikú Cedric fi pa òǹkàwé lẹ́kún, tí wọ́n sì gbà á, ṣùgbọ́n tí ti Sirius kọ̀ tí kò wọlẹ̀. Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn Sirius jù nìkan. Ìwé náà kò fún wọn ní ohun tí wọ́n lè sin.

Níbi tí òkú kò bá sí, ẹjọ́ ló máa ń rọ́pò rẹ̀. Àwọn òǹkàwé dá ẹjọ́ náà títí: ta ló pa Sirius? Àwọn kan ní Kreacher ni, ẹrú ilé Sirius tó purọ́ fún Harry pé Sirius kò sí nílé, tí ọmọ náà fi wá a lọ síbi tí ogun ti dé bá wọn. Àwọn kan ní Snape ni, olùkọ́ tó ń fi ilé jíjókòó bú Sirius títí tó fi jáde. Àwọn kan ní Dumbledore ni, tó fi àsọtẹ́lẹ̀ tó wà nípa ọmọ náà àti Voldemort pamọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ̀bi òun pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí Harry ti fọ́ àwọn ohun ẹlẹgẹ́ kan lọ́fíìsì rẹ̀ túútúú. Àwọn kan sì ní Harry ni, torí kò rántí dígí. Ẹjọ́ tó burú jù nìyí, torí pé ó jẹ́ òótọ́ díẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀.

Àwọn alámọ̀wé náà dá sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2003, òǹkọ̀wé A.S. Byatt kọ ọ́ sí New York Times pé àgbà tó ń ka ìwé wọ̀nyí ń padà sínú ìtùnú ìgbà èwe ni, pé kò sí ohun ìjìnlẹ̀ tó ń bani lẹ́rù nínú wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti mọ irú ìtùnú tó rí lẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹn. Lórí gígùn ìwé, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ráhùn. Ó gùn jù lóòótọ́, pàápàá láàárín. Rowling náà gbà nígbà tó yá pé ì bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún méjì ni ìrètí Sirius fi wà láàyè. Ní 16 oṣù Keje ọdún 2005, ìwé kẹfà jáde, orí kẹta rẹ̀ sì pa á. Dumbledore wá sílé àwọn Dursley, ó jókòó, ó ní wọ́n ti rí ìwé ìhágún Sirius: gbogbo ohun tó ní, Harry ló fi í fún, ilé àti wúrà àti Kreacher. Láti mọ̀ bóyá ogún náà dé ọwọ́ Harry lóòótọ́, ó pe Kreacher jáde. Kreacher ń ké, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, ó ní òun kò lọ. Harry ní kó dákẹ́. Kreacher di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ohùn kò jáde mọ́, ojú rẹ̀ yọ síta.

Wọ́n ti pín ogún rẹ̀. Fún ẹni tó bá mọ bí ilé Yorùbá ṣe rí, kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Nígbà tí fíìmù ìwé karùn-ún jáde ní oṣù Keje ọdún 2007, David Yates tó darí rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn rárá: ọfọ̀ tó ń pani gan-an ló fi sí Bellatrix lẹ́nu.

Lóṣù kan náà, ní ọjọ́ 21, ìwé keje tó parí ìtàn jáde. Nínú igbó, nígbà tí Harry ń lọ fi ara rẹ̀ fún ikú, ó yí òkúta kékeré kan lọ́wọ́, òkú mẹ́rin jáde sí i: ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, Lupin, àti Sirius. Sirius ti padà di ọ̀dọ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ń rẹ́rìn-ín. Harry bi í, bí ọmọdé ṣe máa ń béèrè, bóyá ó máa ń dunni. Sirius ní kò dunni rárá, pé ó yá ju kí èèyàn sùn lọ, ó sì rọrùn jù ú.

Èmi ti dàgbà díẹ̀ nígbà tí ìyẹn dé ọwọ́ wa. Mo ka ibẹ̀ sókè fún màmá wa nínú ilé ìdáná, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ó dá ọwọ́ ẹ̀fọ́ tó ń já dúró. Ó ní kí n tún un kà.